Ọkùnrin Tó Ń Dúró De Ìbéèrè

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ àfi bí èèyàn bá bi í. Bó o bá bi í, á dá ọ lóhùn, kò sì ní fi nǹkan kan pa mọ́. Bó ò bá bi í, ẹ lè jọ jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rẹ̀, mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Màá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á fọwọ́, á padà sídìí iṣẹ́. Mi ò ní mọ̀ bóyá ó dùn, mi ò ní mọ̀ bóyá kò dùn. Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti fi òjé jó ẹnu yín pọ̀ ni?"

Ó gbójú sókè. "Kí ló dé?"

"Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ lánàá ńkọ́?"

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀."

"Ẹ sì jẹ ẹ́ tán!"

"O ò bi mí."

Bó ṣe wà nìyẹn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn ọmọdé tó ń kọjá lọ sílé ìwé pàápàá á máa juwọ́ sí i lójú fèrèsé, "Oníwáyà, ẹ káàárọ̀!" Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọjú sí títì, yàrá wa tẹ̀ lé e, ilé ìdáná wà lẹ́yìn. Ògiri tó la ṣọ́ọ̀bù àti yàrá láàárín fẹ́lẹ́ débi pé bí fáànù inú kọ̀ǹpútà kan bá ń kùn lórí tábìlì, à ń gbọ́ ọ lórí ibùsùn. Ariwo yẹn ló fi ń sùn. Bí iná ọba bá lọ, tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ wẹ́lo, ńṣe ló máa ń jí.

Ọ́fíìsì kan tí mo ti ń gbálẹ̀ la ti mọ ara wa. Ó wá tún ẹ̀rọ wọn ṣe, ó tú ẹ̀yìn ọ̀kan, ó wo inú rẹ̀ títí, ó wá wò mí.

"Ṣé ìwọ lò ń gbálẹ̀ níbí?"

Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Mo ní èmi ni.

"O ṣeun," ló wí. "Eruku ò pọ̀ nínú ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin ti sọ ọ̀rọ̀ dídùn létí mi ṣáájú ìgbà yẹn, àmọ́ kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bíi ti eruku yẹn. Títí mo fi délé lọ́jọ́ náà ni mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Mi ò kàwé lọ títí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo parí ẹ̀ sí, lẹ́tà mi ò sì dúró dáadáa lórí ìlà títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ ọkọ mi, lórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé kan síwájú, ó tan iná sí i, mo sì rí i pé ìlà bàbà ló kún ojú rẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun, òmíràn yà síbí, òmíràn yà sọ́hùn-ún.

"Kí ni gbogbo ìlà yìí?"

"Ọ̀nà ni."

"Ọ̀nà ibo?"

"Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà." Ó fi ṣóńṣó síkúrúdíráfà tọ́ka. "Gbogbo nǹkan tó o rí lórí bọ́ọ̀dù yìí, kò sí èyí tó lè dédé mọ ohun tó wà nínú èkejì. Èyí ni ọpọlọ ẹ̀, òun ló ń ṣírò. Èyí ń bá a rántí nǹkan fúngbà díẹ̀. Dísìkì tó wà lọ́hùn-ún ló ń tọ́jú ohun tó máa pẹ́. Bí ọpọlọ bá fẹ́ nǹkan tó wà lọ́wọ́ dísìkì, ojú ọ̀nà ló máa gbà béèrè, ojú ọ̀nà náà ni wọ́n á gbé e gbà wá fún un. Bí ọ̀nà bá já, dísìkì ò bà jẹ́, ọpọlọ ò bà jẹ́, àmọ́ wọn ò rí ara wọn mọ́."

Bọ́ọ̀sì ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ọ̀nà yìí. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀nà ló kọ́kọ́ pè é fún mi, ọ̀nà náà ni mo gbà.

"Ṣé kálukú ní ọ̀nà tiẹ̀ ni?"

"Àwọn kan ní. Àwọn míì jọ ń lo ẹyọ kan."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí?"

"Orúkọ ni. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ pe orúkọ ẹ̀. Gbogbo wọn ló máa gbọ́, ẹni tí wọ́n pè nìkan ló máa dáhùn. Àwọn tó kù á panu mọ́."

"Wọ́n ti gbọ́n ju ẹbí yín lọ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í ní ti kíbọ́ọ̀dù, pé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ṣé kì í pariwo pé òun ní nǹkan láti sọ ni. Ó ní kò gbọdọ̀ dán an wò.

"Kọ̀ǹpútà ló ń lọ bá a. Á ní, 'O ní nǹkan?' Òun náà á ní, 'Rárá.' 'O ní nǹkan?' 'Rárá.' 'O ní nǹkan?' 'Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti tẹ lẹ́tà kan.' Ó yá débi pé o ò lè mọ̀ pé wọ́n ń bi ara wọn ní nǹkan kan."

"Bí wọn ò bá wá bi í?"

"Á jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀. "Háà! Ó ti yé mi wàyí. Kíbọ́ọ̀dù ni mo fẹ́!"

Ẹ̀rín yẹn pa á débi pé ó ní láti gbé irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà jó ara rẹ̀. Nígbà tó mí délẹ̀, mo tún bi í pé bí àwọn méjì bá wá jọ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kan náà ńkọ́. Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

"Ìyẹn ló burú jù. Ẹni tó wà lápá kejì máa gbọ́ nǹkan o, àmọ́ ohun tó gbọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà lọ ni mo ti ń bi í láràárọ̀, bí mo bá gbé tíì rẹ̀ wá: "Ẹ ní nǹkan?" Lọ́jọ́ míì á ní rárá. Lọ́jọ́ míì á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Orúnkún ń dùn mí." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tiwa nìyẹn. Nígbà tí ọmọ wa kan ṣoṣo, ọmọbìnrin, dàgbà tó ẹni tó ń sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ fi òfin sídìí oúnjẹ: ẹnu kan lẹ́ẹ̀kan. Bí èmi àti ọmọ bá jọ lanu, á gbé ṣíbí sókè títí ọ̀kan nínú wa á fi dákẹ́. Ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n, ó sì jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni nǹkan dé. Ilé ìdáná ni mo wà, mo gbọ́ òórùn pákó tó ń jóná. Mo rò pé iṣẹ́ ni, nítorí kò sígbà tí nǹkan kì í jóná níbẹ̀. Àfìgbà tí ọmọ wa kígbe. Mo bá ọkọ mi lórí àga, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin gbígbóná ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jó tábìlì lọ, ó sì ń wò ó, kò lè gbé e.

Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é nílé ìwòsàn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ débi tí agbára wọn mọ, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Ọwọ́ ò ṣe é gbé, ẹsẹ̀ ò ṣe é gbé, ẹnu ò ṣe é là bí kò ṣe fún omi ọbẹ̀ tí mo ń fi ṣíbí fún un. Ojú nìkan ló kù.

Àwọn èèyàn wá kí i. Wọ́n á gbé ẹnu sún mọ́ ojú rẹ̀, wọ́n á máa pariwo bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀: "Oníwáyà! Ṣé ara ti ń mókun? Á mókun, á mókun!" Àwọn ló bi í, àwọn náà ló dáhùn. Bí wọ́n bá ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Kò mọ nǹkan kan mọ́, àbí?" Dókítà ti ní kí n má retí púpọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń nu ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kàn yọ lẹ́nu mi ni: "Ẹ ní nǹkan?" Mo ti ń fún aṣọ inura, mo ti fẹ́ yíjú, kí n tó rí i pé ojú rẹ̀ pa dé. Ó pa dé, ó pẹ́, ó là. Kì í ṣe bí ojú èèyàn ṣe máa ń ṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pa ojú dé lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ rárá, ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé òùngbẹ ni?" Ẹ̀ẹ̀mejì. "Ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín?" Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo bi í ní ti fèrèsé, mo bi í ní ti ìrọ̀rí, mo bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rí. Gbogbo rẹ̀, rárá ni. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́, mo rí i. Mo wá wo ibi tí ojú rẹ̀ ń wò.

"Ṣé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ kí n ṣí?"

Ẹ̀ẹ̀kan.

Mo ṣí i. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì tí ọmọ wa ń tún ṣe, fáànù rẹ̀ ń kùn wùù. Omi jáde lójú ọkọ mi, ó ṣàn lọ sétí. Mi ò nù ún.

Báyìí la ṣe mọ̀ pé ọ̀nà ló já, ẹni tó wà nínú ilé ṣì wà níbẹ̀. A sì fi òfin sí i. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ òsì, kó lè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ kọjá lórí rẹ̀. Á bi í ní ìbéèrè kan. Á dúró. Ìdúró yẹn ló ṣòro fáwọn èèyàn jù, torí pé ìdáhùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, ó lè pẹ́ tó ìgbà téèyàn á fi fẹ́ tíì gbígbóná mu.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ akẹ́rù, ń wá lóòrèkóòrè. Mo ju ọkùnrin yìí lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ ó ti wà nínú ẹbí kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní ìyàwó. Ohùn rẹ̀ ń gba gbogbo ilé kan. Nígbà tí mo ṣàlàyé òfin fún un, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ ti sọ ẹ̀gbọ́n mi di kọ̀ǹpútà!"

"Kíbọ́ọ̀dù ni, ọkọ mi. Ẹ má fi kún un."

Ó gbé ọwọ́ ńlá rẹ̀ lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tá a wà lọ́mọdé, tí rédíò yín sọnù, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni?"

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan.

"Ẹ mọ̀! Látọjọ́ yìí! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?" Ló bá rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ló bá fi ọwọ́ bo ojú, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ èyí tó kù.

Lásìkò òjò, ibà wọ ara ọkọ mi. Èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, a ń gbọ́ bó ṣe ń họ láyà. Àbúrò rẹ̀ sáré dé, ó ní ilé ìwòsàn ńlá kan wà lápá ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù wọn sí, wọ́n ní ẹ̀rọ ìmí níbẹ̀, ká gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ wa ní rárá, pé dókítà ti sọ fún wa pé kò sóhun tí wọ́n máa ṣe tó máa dá a padà, ká jẹ́ kó wà nílé tó ti mọ́ ọn lára. Àwọn méjèèjì ò gbà fún ara wọn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí n fọ aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi, kí n wá bi í fúnra mi.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ igbe. Mo sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ibùsùn, ọmọ wa wà lápá òsì, ọwọ́ àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀.

"Ó ti gbà!" Àbúrò rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká máa lọ sílé ìwòsàn?' Ó pajú dé lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣojú mi kòrókòró!"

"Bàbá kékeré, èmi ni wọ́n dá lóhùn! Mo ní, 'Bàbá, ṣé ilé lẹ fẹ́ wà?' Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tẹ́ ẹ fi ki ọ̀rọ̀ yín bọ̀ ọ́!"

"Ta ló ki ọ̀rọ̀ bọ ti ta? Ìwọ lo ki tìẹ bọ tèmi!"

Wọ́n ti jọ bi í. Ẹnu méjì, ojú ọ̀nà kan. Ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo gbé e lé èjìká rẹ̀ òsì. "Bàbá ọmọ mi, èmi ni. Ṣé ilé lẹ fẹ́ wà?" Mo dúró. Ojú rẹ̀ ti pa dé kí n tó bẹ̀rẹ̀, kò sì là. Ibà ti gbé e lọ. Mo tún bi í. Mo dúró títí ọṣẹ fi gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó," ni àbúrò rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti já wálẹ̀, "bó bá kú sínú yàrá yìí, tá a sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ìmí wà níbì kan, kí la máa sọ fún ara wa?"

Ọmọ wa wolẹ̀. "Bóyá ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ló wí. "Mi ò mọ̀ mọ́."

Ta ni nínú wa tó lè sọ pé rárá? A gbé e lọ.

Yàrá funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n fi rọ́bà sí i nímú, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan ń ké tíń-tíń lókè orí rẹ̀. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, kò fi nǹkan kan dù wá. Àmọ́ kò sí ohùn fáànù níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń juwọ́ lójú fèrèsé. Fèrèsé yẹn ga ju ibi tí ojú rẹ̀ lè dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ibà rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó lajú. Mo pe àbúrò rẹ̀ àti ọmọ wa. Mo ní kí àwọn méjèèjì lọ dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, kí wọ́n pa ẹnu mọ́, kí wọ́n má tiẹ̀ wúkọ́. Mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, èmi ni. Ẹ ní nǹkan?"

Ẹ̀ẹ̀kan.

"Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì jọ bi yín nílé. Ṣé àbúrò yín lẹ dá lóhùn?"

A dúró. Ẹ̀rọ yẹn ń ké tíń-tíń. Ojú rẹ̀ pa dé, ó là. Mo rí i tí àbúrò rẹ̀ fa èémí sínú. Ojú náà tún pa dé, ó tún là.

Ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ṣé ọmọ yín lẹ dá lóhùn?"

Ẹ̀ẹ̀kan.

"Ṣé ilé lẹ fẹ́ lọ?"

Èyí ò pẹ́ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan.

Ọkùnrin fìrìgbọ̀n yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn níbi ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú láti orí aṣọ. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ dókítà ló lọ. Dókítà ní èémí rẹ̀ ò tíì dúró, pé bá a bá gbé e ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, àárín ọ̀nà ló máa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, pé ká jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

"Mo máa fọ ọkọ̀," ni ọkọ mi kékeré wí fún mi. "Mo máa tẹ́ fóòmù síbẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó já sí kòtò kankan, ìyàwó. Bí ẹni gbé ẹyin ni mo máa wa ọkọ̀ yẹn."

Mo padà sọ fún un lórí ibùsùn. Mo ní, "Ọ̀la lẹ ń lọ sílé. Ọmọ yín ti lọ ṣáájú, ó fẹ́ tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé." Kì í ṣe ìbéèrè, nítorí náà mi ò retí èsì. Ó pajú dé lẹ́ẹ̀kan ṣáá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wò látojú fèrèsé gíga yẹn, mo dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Mo rí ọkọ̀ náà tó wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti fọ̀ ọ́ débi pé ó ń dán, ó sì ti ta tapólì lé e lórí kí oòrùn má baà pa aláìsàn. Mo yíjú padà kí n sọ fún un pé ọkọ̀ ti dé. Mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Kí n tó lanu ni mo ti mọ̀.

Orí fóòmù yẹn náà la gbé e sí. Àbúrò rẹ̀ ò já sí kòtò kankan. Ó wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ bó ṣe ṣèlérí, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, wọ́n ń bú u, kò dá ẹnì kankan lóhùn. Nígbà tá a délé, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó ṣe é tàn ni ọmọ wa ti tàn, wọ́n ń kùn.

Ọmọ wa ló ń dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Àbúrò ọkọ mi ń wá ní ọjọ́ Àìkú, á jókòó lórí àpótí mi, kò ní sọ̀rọ̀. Bí mo bá bi í bóyá á jẹun, á ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Ọmọ wa sọ pé òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má gbé e sọ́kàn mọ́. Mo ní kó bẹ̀ ẹ́. Ó máa ń bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà á ní kò sí nǹkan kan, á sì tún wolẹ̀.

Mo bi ọmọ yìí láìpẹ́ pé kí ni kọ̀ǹpútà máa ń ṣe bí wọ́n bá fa kíbọ́ọ̀dù yọ. Ó ní á ṣì bi í. Bí kò bá gbọ́ èsì, á tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó máa gbọ́. Lẹ́yìn náà, á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó ń bi, kò sì ní yà síbẹ̀ mọ́.

"Báyẹn náà ni?" mo ní.

"Báyẹn náà ni, Mọ́mì. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ò ní lọ."

Láràárọ̀, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbé ọwọ́ lé orí ibùsùn, níbi tí èjìká rẹ̀ òsì máa ń wà. Mo máa ń bi í. Mo máa ń dúró tó ìgbà téèyàn á fi fẹ́ tíì gbígbóná mu. Lẹ́yìn náà ni mo máa lọ gbé omi kaná fún ọmọ wa.